Ẹrù Tí A Kì Í Wọ̀n

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ẹrù ní téṣàn rélùwéè Kano. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, yálà sí Ìlọrin tàbí Òṣogbo tàbí Èkó, iwájú mi ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá. N ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, n ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, n ó sì fi okùn so ìwé pélébé mọ́ ọn lára: orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, àti téṣàn tí wọn yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀. Awọ, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ, ewúrẹ́ láàyè. Ewúrẹ́ kan jẹ ìwé ọrùn ara rẹ̀ tán kí ọkọ̀ tó dé Sáríà, àwọn tó wà ní Mínà kò sì mọ ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ mi. Mo so ìwé mìíràn mọ́ ọn, lẹ́yìn ọrùn níbi tí ẹnu rẹ̀ kò ti lè dé.

Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí a kì í wọ̀n. Bí ọmọ Yorùbá kan bá kú sí Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò ní Kano, tí ọ̀nà ilé sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé gbé òkú rẹ̀ lọ, àwọn obìnrin yóò gé díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀. Wọn yóò fi aṣọ funfun dì í, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n lè sin ín níbẹ̀ bí ẹni ń sin òkú gan-an. Títí yóò fi délé, a gbà pé ẹni náà ṣì wà lójú ọ̀nà. Àwọn tó bá mú irú rẹ̀ wá kì í bá èrò tò. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń dúró sí títí n ó fi gbójú sókè. "Akọ̀wé, ẹ bá wa mú ẹni wa délé." N ó dìde, n ó ṣí fìlà, n ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, n ó sì fà á lé gáàdì ọkọ̀ lọ́wọ́ fúnra mi. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mísọ́nnù ni mí. Wọ́n kọ́ mi pé eruku ni ara, eruku ni yóò sì padà di. Síbẹ̀ n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹrù yẹn rí, n kò sì pàdánù ọ̀kan nínú wọn.

Ti ìyàwó mi nìkan ni kò délé.

Ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta ni Edith. Abẹ́òkúta náà ni wọ́n bí mi sí, ilé-ẹ̀kọ́ mísọ́nnù kan náà la sì lọ. Ó wá bá mi ní Kano ní ọdún 1924, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún. Àpótí páànù kan ló gbé wá. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí àpò ẹ̀pà tí wọ́n tò léra wọn títí tó fi ga ju ilé lọ. Ó wò ó, ó wò mí. "Ṣé gbogbo èyí ni ẹ fẹ́ jẹ tán kí n tó dé?"

A gba yàrá méjì ní Ibo Road. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin Hausa láti Fagge, àdúgbò kejì, a sì máa gbé aṣọ wá fún un. Láàárín ọdún kan ó ti ń bá wọn ṣàwàdà ní Hausa ju èmi tí mo dé ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó bí Rónkẹ́, ó sì bí Rẹ̀mí. Rẹ̀mí kò bá wa kalẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1938 ni àrùn yírùnyírùn mú un lọ, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Òyìnbó mísọ́nnù kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi dùrù sílẹ̀ fún Edith, dùrù kékeré, irú èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹwìrì inú rẹ̀ lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ Kano kò fẹ́ràn dùrù. Bí ọyẹ́ bá ti dé, awọ ẹwìrì náà á gbẹ, á sán, ohùn orin á sì máa já jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Bí mo ṣe lọ bá Yàhàyá ní Fagge nìyẹn. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń fi awọ ewúrẹ́ pupa ṣe èèpo ìwé Kùránì àti bàtà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi òróró rọ awọ, bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́, àti bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa yọ.

"Akọ̀wé," ni yóò wí, "awọ tí mo fi ń bo Kùránì ni ìwọ fẹ́ fi kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìdájọ́, ta ni ewúrẹ́ yìí fẹ́ sọ pé òun sìn?"

"Jẹ́ kí ewúrẹ́ dáhùn fúnra rẹ̀."

"Kò ní lè dáhùn. O ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa."

Ìyẹn ni ìgbádùn mi láyé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ta ayò, àwọn mìíràn ń lọ wo ẹṣin tó ń sáré. Ní tèmi, ọjọ́ Sátidé ìgbà ọyẹ́, n ó tú ẹ̀yìn dùrù sílẹ̀ lórí ẹní. Edith á jókòó sí iwájú rẹ̀, á fi ìka kan tẹ ohùn kọ̀ọ̀kan, á máa sọ èyí tó dá àti èyí tó ṣì ń ṣàìsàn.

Ibà ló mú un lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1949. Ọjọ́ márùn-ún péré ló fi dùbúlẹ̀. Kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́, Ìyá Adétúnbọ̀, tó jẹ́ àgbà obìnrin nínú ìjọ wa, mú àlùmọ́gàjí. Rónkẹ́ ló bá a gbé àwo tó ń gé irun náà sí dání. Èmi jáde síta. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Adétúnbọ̀ gbé ìdì funfun náà lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ lo mọ ọ̀nà, Ernest," ó ní. "Má fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀."

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gba ìsinmi. Mo fi ìdì náà sínú àpò àyà ẹ̀wù mi láti Kano títí dé téṣàn Láfẹ́nwá, n kò sì bọ́ ẹ̀wù náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Edith, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtòkò, jáde sí mi. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti máa ń ṣe sí àwọn ẹlòmíràn ní téṣàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ mi ti kọ̀ láti wọ inú àpò.

"Wọn kò gé e, Mà," ni ẹnu mi sọ. "Ìjọ kò gbà."

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dúró lórí itan rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní kí n wá jẹun.

Nígbà tí mo padà dé Kano, Rónkẹ́ bi mí bóyá ìyá òun ti délé. Mo ní ó ti délé. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ẹ̀yìn dùrù, mo ki ìdì náà sáàárín pákó àti ẹwìrì, mo fi awọ pupa bò ó, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa. Bí mo bá fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, Edith ti kú tán nìyẹn. Bó bá wà nínú dùrù, ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Èrò mi kò gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1952 ni mo fẹ̀yìntì. Mo ti kọ́ yàrá méjì sí Abẹ́òkúta, bí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya ti máa ń ṣe. Rónkẹ́ ti di tíṣà, ó sì ń gbé ní Enugu Road ní Kano kan náà pẹ̀lú Olúdáre ọkọ rẹ̀ àti Ọmọ́ṣọlá ọmọ wọn. Ó wá bá mi di ẹrù.

"Bàbá, ẹ fi dùrù yìí sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì."

"Yóò bá mi lọ."

"Ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ ní Abẹ́òkúta? Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Màmá ní bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ajá àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn."

"Yóò bá mi lọ, Rónkẹ́."

Ọmọ́ṣọlá, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, gbójú sókè. "Kaka, ina za ka?" Bàbá àgbà, níbo ni ẹ ń lọ? Ó ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí à ń sọ, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn.

Mo ní ilé ni mò ń lọ.

"Ai, nan ne gida," ó ní. Ibí yìí mà ni ilé.

Ní Sunday ìdágbére, Olúdáre, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, dìde láti ka ìtàn ìgbésí ayé mi, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ̀yìntì. Ó ka ọdún tí wọ́n bí mi, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ọdún tí mo dé Kano, ìyàwó mi tó sùn nínú Olúwa, ọmọ méjì, dùrù. Ó wá dé ibi tó kọ pé: "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá Adékọ̀yà kò pàdánù ẹrù ẹnikẹ́ni." Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Adétúnbọ̀ mi orí sí mi láti orí àga rẹ̀. Mo wo fìlà tó wà lórí orúnkún mi, mo sì ń fi ìka tẹ òkè rẹ̀ wọlé, n ó tún tì í jáde.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ wọ ọkọ̀. Ní Tọ́sìdeè, Rónkẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ wá tààrà, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan ló mú wá. Màmá Ìtòkò ló ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá òun kọ ọ́. Rónkẹ́ dúró, ó sì kà á sí mi létí.

"Rónkẹ́ ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ ń bọ̀ wálé. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ọjà mọ́. Bàbá rẹ sọ fún mi pé wọn kò gé irun ìyá rẹ nítorí ìjọ. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n bá mi bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ní ẹsẹ̀ sàréè rẹ̀, kí o fi rán an sí mi. Mo fẹ́ rí ohun tí n ó sin kí wọ́n tó sin èmi náà."

Ó ká lẹ́tà náà.

"Èmi ni mo gbé àwo, Bàbá."

Mo ní mo mọ̀.

"Níbo ló wà?"

Mo wo dùrù. Òun náà wò ó. Ó rìn lọ jókòó sórí àpótí tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì gbé ọwọ́ lé orí dùrù náà.

"Ẹ sọ fún mi pé ó ti délé," ó ní. "Ìgbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn."

"N kò lè gbé e sílẹ̀, Rónkẹ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń bá gbogbo ayé gbé tiwọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ yẹ̀pẹ̀, Bàbá."

Nígbà tó máa lọ, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe, kò sì wo ojú mi.

Ní òwúrọ̀ Friday mo lọ pe Yàhàyá ní Fagge. Ó wá pẹ̀lú ọ̀bẹ ìfáwọ rẹ̀, nítorí n kò gbára lé ọwọ́ mi. Ó ṣí ẹ̀yìn dùrù, ó sì fi ìka yẹ awọ pupa náà wò.

"Òpè wo ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Gọ́ọ̀mù ki bí ẹ̀kọ. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọ, kò sí ihò níbí, o lẹ awọ mọ́ ọn. Ọ̀gá wo ló ń lẹ ibi tí kò—" Ó ti rí aṣọ funfun. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ara ẹ̀wù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdì náà jáde.

"Láti ọjọ́ wo?"

Mo sọ fún un.

"Sannu, Akọ̀wé," ó ní. Pẹ̀lẹ́ ni ó ń kí mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gba awọ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí ẹ̀rọ Edith ti máa ń wà, ó sì rán àpò kékeré kan tó ní okùn ọrùn. Ó parí rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ́ọ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n ń retí rẹ̀."

Dùrù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.

Ní téṣàn, Ṣàràfá, akọ̀wé tó gba ipò mi, wọn àpótí mi méjèèjì, ó sì so ìwé mọ́ wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀kan sí i. Mo kọ ọ́ lórí tábìlì tí mo ti lò láti ìgbà èwe mi: ẹni tó fi ránṣẹ́, E. Adékọ̀yà, ẹni tí yóò gbà á, Ìyá Edith, Ìtòkò, téṣàn, Láfẹ́nwá. Mo so ó mọ́ okùn àpò tó wà lọ́rùn mi. Ṣàràfá rí i. Ó dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀.

Rónkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀. "Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi," ó ní. "Kí ẹ kọ òótọ́, Bàbá."

Bí a ti ń sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà, gbogbo èrò dìde láti wo omi. N kò dìde. Mo di àpò náà mú.

Màmá Ìtòkò jókòó sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ernest, o kú ewu ọ̀nà. Dìde, ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́."

N kò dìde. Láti ilẹ̀ ni mo ti bọ́ àpò náà lọ́rùn.

"Mo purọ́ fún yín, Mà. Wọ́n gé e. Ọwọ́ mi ló wà láti ọjọ́ náà."

Ó gbà á. Ó ka ìwé pélébé tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e sókè sísàlẹ̀.

"Ó mà fúyẹ́ o."

"A kì í wọ̀n ọ́n, Mà."

"Bí mo bá ti kú ńkọ́, Ernest?"

"Ẹ dárí jì mí, Mà."

Ó tú okùn, ó tú aṣọ funfun, ó fi èékánná sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé ìdì irun náà súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó pẹ́.

"Kí ni funfun yìí?"

Mo rò pé òwú aṣọ ló rí. Mo súnmọ́ ọn. "Ewú ni, Mà."

"Ewú? Edith hu ewú?"

Ọdún 1936 ni Màmá Ìtòkò rí Edith kẹ́yìn, nígbà tí a wá sin bàbá rẹ̀. Irun Edith dúdú kirikiri nígbà náà. Ìyá náà ń ya irun yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìka, funfun sí apá kan, dúdú sí apá kan.

"Ọmọ mi di àgbà, n kò sì sí níbẹ̀," ó ní. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. "Ọdún tí Rẹ̀mí kú ni. Apá òsì, lókè etí. Ó kọ́kọ́ máa ń ní kí n bá òun fà á tu. Nígbà tó yá ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"N kò tíì dárí jì ọ́," ni Màmá Ìtòkò wí. "Ṣùgbọ́n máa sọ."

Mo sọ. Mo sọ ti àpò ẹ̀pà ọjọ́ tó dé. Mo sọ ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ti ìgbéyàwó Rónkẹ́, ti bó ṣe ń bá àwọn obìnrin Fagge rẹ́rìn-ín ohun tí n kò gbọ́, ti ìka rẹ̀ kan ṣoṣo lórí dùrù nígbà ọyẹ́, ti ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn. Bí mo bá dákẹ́, á gbé ewú mìíràn sókè, á ní, "Èyí ńkọ́?" Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo mọ̀. Èyí tí n kò bá mọ̀, mo ní n kò mọ̀. Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí a tó dákẹ́.

Nígbà tí mo ní kí a lọ gbẹ́ ilẹ̀, ó kọ̀. "Ó ti rin ọ̀nà jíjìn. Kó sùn lọ́dọ̀ mi lónìí."

Ní òwúrọ̀, nígbà tí mo wá, ó ti gbọn eruku gọ́ọ̀mù kúrò lára irun náà. Ó ti fi àdí pa á, ó sì ti fi òwú dúdú kó o sí ọ̀nà mẹ́ta, bí ìyá ti ń kó irun ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òwú náà tẹ̀ ní ibì kan. A sin ín sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Mo gbàdúrà, kò gùn. Màmá Ìtòkò ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn náà mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo sì kọ̀wé sí Rónkẹ́ ní Kano. Mo kọ ti ewú àti ti òwú dúdú sí i. Mo kọ ọ́ pé ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì dárí jì mí, ṣùgbọ́n pé ó ní kí n padà wá lọ́la, nítorí ó ku ohun tí òun fẹ́ bi mí. Ní ìparí, mo kọ ọ̀rọ̀ kan náà tí mo ti sọ fún un rí, mo sì kọ déètì ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ó ti délé.